Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Abha

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé. Bàbá rẹ fi ìwé iṣẹ́ rẹ hàn mí, mo sì rí i pé Abha, ìlú kan ní Sáúdí, ni ilé ìwòsàn náà wà, kì í ṣe Riyadh bí a ti rò tẹ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn. Gbogbo ẹni tó wá kí ọ kú oríire ló ń sọ fún ọ pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí o kó, pé yanrìn ni gbogbo ibẹ̀, pé oòrùn ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ènìyàn jẹ. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n Mẹ́kà ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ilẹ̀ Lárúbáwá.

Èmi tí mo fi jọ́gíráfì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun kan ni mo fẹ́ kí o mú dání: ní ilẹ̀ yẹn, kí o tó béèrè bí ibì kan ṣe jìnnà sí, kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ga sí.

Òkun Pupa wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Òkun Lárúbáwá wà ní gúúsù, omi Gulf sì wà ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ tó wà láàárín wọn lé ní 3,000,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, síbẹ̀ kò sí odò kan lórí rẹ̀ tó ń ṣàn láti ọdún dé ọdún. Ìwọ̀-oòrùn ló ga, láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi bá omi Gulf dọ́gba. Ara Áfíríkà ni gbogbo rẹ̀ nígbà kan. Ní nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya, omi wọ ojú ibi tó ya, ìyẹn ló di Òkun Pupa. Etí ilẹ̀ tó ya náà gbé sókè, ó di òkè tó tò lọ láti Hijaz, agbègbè Mẹ́kà àti Mọ̀dínà, dé Asir ní gúúsù rẹ̀, ó sì wọ Yẹ́mẹ̀n lọ, níbi tí Jabal an-Nabi Shu'ayb ti ga tó 3,666 mítà. Kò sí òkè mìíràn ní ilẹ̀ Lárúbáwá tó tó o.

Iná abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ náà kò tíì kú. Bí o bá lọ sí Mọ̀dínà, wo ìta ìlú dáadáa: òkúta dúdú tó ń gún ni lẹ́sẹ̀ lo máa rí lọ súà. Iná ló yọ́ ọ jáde láti inú ilẹ̀. Lọ́dún 1256 ó tú jáde nítòsí ìlú náà, ó ń ṣàn fún ju oṣù kan lọ, kó tó di pé ó dúró láì wọ ìlú.

Orí òkè Asir yẹn gan-an ni Abha wà. Ó fi ohun tó lé ní 2,200 mítà ga ju òkun lọ. Kùrukùru máa ń bò ó, òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe ń rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tó kù ní Sáúdí, igi sì wà lórí òkè rẹ̀. Lóru oṣù kìíní, otútù lè sọ̀ kalẹ̀ dé 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Ìwọ tí ọyẹ́ Ìbàdàn ń mú kí o wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn!

Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí o bá gun àtẹ̀gùn tí àyà rẹ ń lù kìkì, má sáré pe ara rẹ ní aláìsàn, rọra máa rìn, máa mu omi. Omi ibẹ̀ máa ń hó kó tó gbóná dé 100. Ní nǹkan bí 93 ló ti ń hó. Ẹ̀wà tí o bá gbé ka iná á hó yaayaa, kò ní í tètè rọ̀. O lè dáná títí di àṣálẹ́. Nítorí náà gbé pressure pot mi dání, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú, kì í ṣe tuntun tí rọ́bà rẹ̀ ti já. Àwọn ọ̀bọ ńláńlá wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ pẹ̀lú. Má fún wọn ní búrẹ́dì, bí wọ́n tilẹ̀ ń wo ojú rẹ bí ọmọ aláìníyàá.

Má sì jẹ́ kí òjò Abha tàn ọ́. Púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ tí o máa lò, omi òkun ni: ní Shuqaiq, létí Òkun Pupa, ni wọ́n ti ń yọ iyọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń tì í gun òkè wá. Rò ó wò, kí o tó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe nílé yìí.

Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Tihama, ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí òkun. Láàárín wákàtí kan ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀ ju 1,000 mítà lọ, ooru á sì pàdé yín lójú ọ̀nà. Ọ̀nà náà kọ́lọkọ̀lọ, ó ń gba inú ihò òkè kọjá. Bí awakọ̀ bá kàn ń tẹ bíréèkì ṣáá, tí kò lo jíà kékeré, sọ fún un. Bó bá bínú, kó bínú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni wádì, ipa odò gbígbẹ. Wọ́n máa ń fẹ́ràn láti tẹ́ ẹní síbẹ̀ jẹun, nítorí pé ó tẹ́jú, ó sì ní ibòji. Àgbàrá kò ní òun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ti ibẹ̀ yìí, onílé gan-an kì í mọ̀ pé ó ń bọ̀. Orí òkè tó jìnnà ni òjò ti rọ̀, ojú ọ̀run ọ̀dọ̀ yín mọ́ kedere, àpáta kì í mu omi, gbogbo rẹ̀ á wá ya sínú wádì lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́dà tí à ń wí yìí náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, lásìkò Hájì, òjò wákàtí díẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 100 níbẹ̀. Má sùn nínú wádì. Bí o bá rí omi tó dá ọ̀nà kọjá, má sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọkọ̀, ì báà jẹ́ jíìpù.

Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ ṣe Úmúrà. Ṣe é ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní. Mẹ́kà wà nísàlẹ̀, kò tó 300 mítà, àwọn òkè tí kò ní koríko sì ká a mọ́, ooru kì í rí ọ̀nà jáde. Nígbà Hájì ọdún 2024, ooru dé 51.8 níbẹ̀, ènìyàn tó lé ní 1,300 ló sì kú. Bí o bá dé ìdí Sámúsámù, rántí pé kànga tí kò jìn ju nǹkan bí 30 mítà lọ nìyẹn. Omi òjò tó rì sínú yanrìn àfonífojì àti èyí tó wà nínú àpáta tó lanu lábẹ́ rẹ̀ ló ń sun wá. Kò dín iyì rẹ̀ kù lójú tèmi o. Ó tilẹ̀ fi kún un.

Ti Rub' al Khali, aṣálẹ̀ ńlá gúúsù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ó tó nǹkan bí 650,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìyẹn ju ìdá méjì nínú mẹ́ta Nàìjíríà lọ, òkìtì yanrìn mìíràn níbẹ̀ sì ga tó 250 mítà, ju Cocoa House méjì tí wọ́n tò léra lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í wọ ibẹ̀. Bí ẹni kan bá ní kí ẹ fi ọkọ̀ kan lọ ya fọ́tò, sọ pé ìyá rẹ kọ̀.

Mo rí súwẹ́tà méjì rà ní bọ́síkọ́nà, ọ̀kan nípọn gan-an. Àpótí rẹ kò gbọdọ̀ wúwo ju èyí tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí náà yọ bàtà gogoro mẹ́ta yẹn kúrò, kí súwẹ́tà àti ìkòkò lè ráyè. Bàbá rẹ ní òun kí ọ, ó ní kí o béèrè bóyá wọ́n ń ta èlùbọ́ níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.