Iṣẹ́ Eugenie Clark Ju Ìgboyà Lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mí, ọ̀rọ̀ ẹja ekurá, ìyẹn ṣáàkì, ló gbé mi wá. Bí àwọn oníròyìn bá ti fẹ́ dárúkọ Eugenie Clark, onímọ̀ nípa ẹja tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ìgboyà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ròyìn: obìnrin tó ń bá ẹja eléyín mímú lúwẹ̀ẹ́. Ó ká mi lára gan-an. Onígboyà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ àti sùúrù ló fi ṣe iṣẹ́ tó ṣe.

Ní 1955 ó dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Florida, ahéré onípákó lásán ni, apẹja kan ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà náà, gbogbo ayé ti gbà pé ekurá kò ní làákàyè, pé kò mọ̀ ju kó jẹ, kó pa lọ. Clark ri pátákó funfun kan sínú omi. Bí ekurá bá fi imú tì í, agogo á dún, oúnjẹ á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ekurá náà mọ̀ ọ́n ṣe! Nígbà tí omi tutù, tí wọn ò fẹ́ jẹun mọ́, ó dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Nígbà tí omi tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn ò tíì gbàgbé. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1959. Èmi ò mọ ohun tó tún yẹ kí a fi mọ ẹranko tó ń ronú.

Ọ̀nà rẹ̀ kò sì rọrùn. New York ni wọ́n bí i sí ní 1922, ìran Jàpáánì ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Bí ìyá bá ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ilé ìwòran ẹja ni ó máa ń fi ọmọ sí. Nígbà tó fẹ́ kàwé sí i, ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ fún un pé bó pẹ́ bó yá á lọ́kọ, á bímọ, owó tí wọ́n bá ná lé e lórí á sì ṣòfò. Ó lọ́kọ, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1950, ó sì bí ọmọ mẹ́rin.

Ní Òkun Pupa, ó rí ẹja pẹlẹbẹ kan tí omi funfun ń jáde lára rẹ̀. Nítorí omi náà, ekurá tó bá fẹ́ bù ú jẹ kì í lè pa ẹnu dé. Ní Mẹ́síkò, nínú ihò abẹ́ omi, ó bá àwọn ekurá tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ń mí, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ wa pé bí irú wọn kò bá lúwẹ̀ẹ́, kíkú ló kù. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó ṣì ń wọ inú òkun. Ó kú ní 2015. Ní 2018, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ irú ekurá kan, Squalus clarkae.

Àìmọye mílíọ̀nù ekurá ni àwa èèyàn ń pa lọ́dọọdún, púpọ̀ nínú wọn nítorí lẹbẹ wọn. Nítorí náà, bí ìròyìn bá tún dé pé ekurá bu ẹnì kan jẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtàn pátákó funfun yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò ní gbà ju ìlà mẹ́fà lọ.

Èmi ni,
Olùkọ́ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín