Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aránṣọ àti Ahunṣọ Lórí Ọjà Tí Ẹ Fẹ́ Tún Kọ́

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Kábíyèsí àti Ìyálọ́jà.

Òkun o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa aránṣọ àti ahunṣọ tí ìsọ̀ wa wà láti gáréèjì títí dé ẹnu ọjà ni a kọ ìwé yìí. Àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ìsọ̀ wa, wọ́n ní kí a kó kúrò, pé ọ̀nà máa fẹ̀, pé ọjà alájà méjì ń bọ̀. A ò bá ọ̀nà jà. Ẹni tó bá ti ti ọkọ̀ rí nínú ẹrẹ̀ iwájú ọjà yẹn nígbà òjò kò ní bá a jà. Ibi tí wọ́n ní kí a kó lọ ló ń dùn wá: ẹ̀yìn ìlú, lẹ́bàá ààtàn. Ta ló máa gbé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀?

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ṣì tọ́jú ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ọ̀kan wà níwájú akọ̀wé báyìí, èèpo rẹ̀ ti já, lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Ojú ewé kan ní: “Kákí, ṣòkòtò péńpé, dógarì, ìbàdí 34.” Dógarì ni ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà. Òmíràn ní: “Kóòtù, Kaduna, kí apá má fún un.” Ìgbà tí à ń jẹ́ ará Kabba Province lábẹ́ Àríwá nìyẹn, tí ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba ńlá gba Kaduna, olú-ìlú Àríwá, kọjá. Ní 1967 wọ́n pa wá pọ̀ mọ́ àwọn ará Ìlọrin, ìpínlẹ̀ tó padà di Kwárà. Láti ibẹ̀, bùbá àti ṣòkòtò àwọn akọ̀wé tó ń lọ Ìlọrin ló gba ìwé náà kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, 1991, a di ará Kogí, àwọn oníbàárà wa bá kọrí sí Lọ́kọ́ja. Ìsọ̀ wọ̀nyí ni gbogbo wọn ti múra lọ.

Títí di òní, kí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti Àbújá tó délé ọdún ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n á fi fọ́tò òṣèré kan kún un. Yáàdì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, aṣọ inú fọ́tò ń jẹ mẹ́fà! A óò ṣáà rán an.

Àwọn ìyá ahunṣọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Òòró ni òfì obìnrin ń dúró, ara ògiri ni wọ́n ń fi tì. Kò dà bíi ti ọkùnrin tí a lè ta sílẹ̀ lábẹ́ igi. Bí ògiri kò bá le, tí òrùlé kò sì ga, kò sí kíjìpá, aṣọ òfì tó nípọn tí wọ́n ń hun. Irú òfì yìí ni àwọn obìnrin Bùnú fi ń hun aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń sin ìjòyè. Láyé àtijọ́, ara aṣọ òkèèrè ni wọ́n ti ń tú òwú pupa rẹ̀. Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aláró, kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà sí Ogídì, ìlú rẹ̀, fún irú iṣẹ́ yìí. Àwọn tiwa kò pọ̀ mọ́, eékún sì ń dùn wọ́n. Wọn ò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ìsàlẹ̀ ọjà tuntun, ní ìhà títì, ni kí ẹ fi wá sí, kí ẹ sì kọ́ yàrá kan tó ní ògiri búlọ́ọ̀kù gíga fún àwọn olófì. Owó ìsọ̀ tí a gbọ́ pé a ó san lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kí a máa san án díẹ̀díẹ̀. Gbèsè ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wa. Ẹ sì dákun, kí katapílà má ṣe dé kí ọdún tuntun tó wọlé. Owó aṣọ Kérésì ni a fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ní oṣù kìíní. Bí kò bá ṣeé dúró dè, kí ẹ yá wa ní ọgbà gbọ̀ngàn ìlú títí a ó fi padà.

A fẹ́ fojú kan yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dá, kódà bó jẹ́ ọjọ́ ọjà, a óò ti ìsọ̀ pa, a ó sì wá.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyá Ẹgbẹ́,
ní orúkọ gbogbo aránṣọ àti ahunṣọ ẹ̀bá ọjà.