Òṣómàáló inú fóònù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ìpolówó tó gba odidi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n gbé kálàmù. iPhone 17 Pro aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n gbé síbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n ní kéèyàn ṣáà san díẹ̀ sílẹ̀, kó máa gbé e lọ sílé, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Queen Cinema níbí ní Ìbàdàn, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yẹn ti jáde, ó tó ẹni mẹ́fà tó ti ká ojú ewé náà mọ́wọ́ wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?" Ó ti sú mi láti máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ni mo ṣe ní kí n dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan.

Fóònù yẹn dára. Mi ò ní torí pé n kò lówó rẹ̀ kí n parọ́ mọ́ ọn. Ẹ wo èyí tí kò ní Pro lára orúkọ: dọ́là 799 ni Apple ń tà á, iye tí wọ́n ta iPhone 16 tó ṣáájú rẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n 128GB ni àyè inú tọ̀hún, ti ọ̀tẹ̀ yìí jẹ́ 256GB, ojú rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ọṣẹ béèyàn bá ń fi ìka yí i, ohun tó jẹ́ pé àwọn Pro nìkan ni wọ́n máa ń fún tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún máa ń pẹ́. Mo ní oníbàárà kan, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè, iPhone 11 ló wà lọ́wọ́ wọn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. 2019 ni fóònù yẹn jáde, ó sì wà lára àwọn tó gba iOS 26, ètò tuntun tó ń darí fóònù Apple, nígbà tó dé ní September 2025. Bátìrì nìkan ni mo ti pààrọ̀ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Èyí náà ló ń jẹ́ kí n máa sọ fún ẹni tó bá ti ní 15 tàbí 16 lọ́wọ́ pé kó lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ti owó ńkọ́? Dọ́là 1,199 ni wọ́n ń ta Pro Max tó kéré jù ní Amẹ́ríkà. Tí a bá ṣírò dọ́là kan ní 1,500 náírà, 1,798,500 náírà nìyẹn, wọn ò tíì gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú o, ẹni tó máa tà á ní Ìkẹjà kò sì tíì fi èrè tirẹ̀ lé e, nítorí Apple fúnra rẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń gba 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, á ṣiṣẹ́ oṣù 25 gbáko láìjẹ láìmu, owó yẹn ò sì ní tíì pé. Ṣùgbọ́n olówó tó bá fi owó ara rẹ̀ rà á, kí la fẹ́ bá a jà sí? Ṣebí àwọn kan ń ra léèsì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òde ọjọ́ kan, a sì ń bá wọn jó.

Ọ̀rọ̀ "san díẹ̀díẹ̀" yẹn gan-an ni mo bá wá.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń kun àtíkè fún ìyàwó, tó tún mọ gèlè wé dáadáa. Ó ní àwọn oníbàárà òun kì í ka ẹni tí kò bá fi iPhone tuntun ya àwòrán wọn sí èèyàn gidi, bóyá òótọ́ ni. Ó lọ gba iPhone 17 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń tà á láwìn. Tó bá fẹ́ san owó lẹ́ẹ̀kan, 1,400,000 náírà ni. Ó san 560,000 sílẹ̀, wọ́n ní kó máa san 112,000 lóṣooṣù fún oṣù 12. Nígbà tó gbé ìwé wá hàn mí, owó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú ẹ̀rọ ìṣírò mi, mo bá a rò ó: 1,904,000. 840,000 ló yá, 504,000 ni èlé orí rẹ̀, ìyẹn ni pé 60 kọ́bọ̀ ló ń gorí náírà kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún kan. Ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èlé yẹn ló mú un sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lóṣù kẹta, ọjọ́ Friday ni owó yẹ kó wọlé. Ó fi tíráńsífà ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, báǹkì rẹ̀ yọ owó, owó náà wá há sójú ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mi ò tíì gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán nígbà tó wọlé pẹ̀lú àpótí àtíkè rẹ̀ lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Ojú fóònù ti dúdú. Orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ló wà láàárín, iye tó jẹ wà lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì pupa kan sì wà nísàlẹ̀ tó ní kó wá sanwó. Ìyàwó ń retí rẹ̀ ní Bódìjà, inú WhatsApp ni àdírẹ́sì wà. Inú áàpù báǹkì ni ẹ̀rí pé ó ti sanwó wà. Áàpù báǹkì wà nínú fóònù tí wọ́n tì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣí i."

Mo ní mi ò lè ṣí i. Ẹni tó bá lọ sínú Settings irú fóònù bẹ́ẹ̀ á rí i lókè pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ báyìí báyìí ló ń darí rẹ̀. Ẹni tó ni ẹrú ló kúkú ni ẹrù. A fi fóònù tèmi pe àwọn oníṣẹ́ wọn, orin ni wọ́n ń kọ sí wa létí fún ogójì ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni fóònù tó ṣí. Ẹlòmíràn ti kun ìyàwó, ọmọ yìí sì dá 50,000 tó ti gbà ṣáájú padà.

Bàbá bàbá mi ra aṣọ lọ́wọ́ òṣómàáló. Àwọn Ìjẹ̀ṣà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàánú èèyàn: wọn á tà á láwìn, wọn á bù owó lé e, tí ọjọ́ bá pé wọn á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, wọn ò ní dìde títí wọn ó fi gbowó wọn. Ìtìjú ńlá ni. Ṣùgbọ́n èèyàn ni òṣómàáló. O lè bẹ̀ ẹ́, o lè gbé omi fún un, o lè ní kó bá ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ ọ́. Mi ò sì gbọ́ ọ rí pé òṣómàáló bọ́ aṣọ lára ẹnì kankan lójú agbo nítorí owó tó há sójú ọ̀nà. Ó gbà pé aṣọ ti di tìẹ, owó rẹ̀ ló ń wá. Èyí tí wọ́n ki bọ inú fóònù kò létí tí èèyàn lè bẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ajẹgbèsè wà. Àwọn kan á san owó àkọ́kọ́, wọn á gbé fóònù sá lọ sí Cotonou. Ẹni tó ń tajà láwìn gbọ́dọ̀ dáàbò bo ọjà rẹ̀, mi ò bá a jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kí wọ́n pe iye kékeré síta, kí wọ́n sì ti fóònù pa mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní London nígbà tí iPhone àkọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 9 November 2007. Pọ́n-ùn 269 ni wọ́n ń tà á, ẹ̀gbọ́n mi sì rò pé kò wọ́n jù. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló wà fún, oṣù 18 ni àdéhùn, èyí tó kéré jù sì jẹ́ pọ́n-ùn 35 lóṣù. Ẹ rò ó: 899. Fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ 2 megapixel, tí kò lè ya fídíò, tí kò ní 3G! Àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ rà á ní June 2007 san dọ́là 599 fún èyí tó ní 8GB, nígbà tó máa di 5 September, ó ti já sí 399. Ariwo wọn pọ̀ débi pé Steve Jobs, tó jẹ́ ọ̀gá Apple nígbà náà, ní kí wọ́n fún wọn ní dọ́là 100 láti fi ra ọjà Apple mìíràn. Ti Jámánì ló dùn mọ́ mi jù. T-Mobile ń tà á ní yúrò 399 pẹ̀lú àdéhùn ọdún méjì, Vodafone tó ń bá wọn du oníbàárà gbé wọn lọ ilé ẹjọ́, fún bí ọjọ́ mélòó kan ilé ẹjọ́ fi dandan mú T-Mobile ta èyí tí wọn ò tì pa mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, wọ́n sì pe ìyẹn ní yúrò 999. Ẹ yọ 399 kúrò nínú 999. Iye àgádágodo nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wálé ọdún Kérésì 2008, ó fi tirẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Inú mi dùn, mo ki síìmù MTN mi bọ̀ ọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó gbà mí ní òru méjì kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn wọlé sí i (ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ tí mò ń jẹ lónìí). Fóònù wà ní Ìbàdàn, pọ́n-ùn 35 ń jáde ní London lóṣooṣù títí di May 2009.

Àwọn ará ibẹ̀ ti gbọ́n. Láti December 2021, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò jẹ́ kí ìkankan nínú wọn ta fóònù tí wọ́n tì pa mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn mọ́. Láti 17 January 2025, tí wọ́n bá fẹ́ fowó kún àdéhùn tuntun kí àdéhùn náà tó parí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye náà ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì kí oníbàárà tó fọwọ́ sí i. Ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń ta èyí tí wọ́n tì pa níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò ní Houston, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti sanwó fóònù náà tán kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Kò sì sí ihò síìmù lára iPhone ti Amẹ́ríkà láti orí 14. eSIM, síìmù tó ti wà nínú fóònù tí èèyàn kì í fọwọ́ ki bọ̀ ọ́, ni wọ́n ń lò, MTN náà ní i. Ọkùnrin kan ní kí n bá òun lu ihò sí tòun lára.

Àwa náà ní òfin. FCCPA, òfin ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní èdè tó máa yé e. Ojú ewé 11 ni ìwé tí ọmọ yẹn fọwọ́ sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni wọ́n pàdánù tí wọ́n bá kọ èyí tó ṣe kókó ní Yorùbá? Kí ni wọ́n pàdánù tí wọ́n bá fún ẹni tó ti sanwó ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó tì í, tàbí kí wọ́n fi áàpù báǹkì àti WhatsApp sílẹ̀ fún un?

Olóòtú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ báyìí, torí ẹ̀yin lẹ gba owó ìpolówó. Iye tí wọ́n ní kéèyàn san sílẹ̀ tóbi tó àtàǹpàkò mi. Mo gbé awò tí mo fi ń wo inú fóònù nígbà tí mo bá ń jó òjé sí i, mo wá iye àpapọ̀ lórí ojú ewé yẹn láti òkè délẹ̀, mi ò rí i. Ẹ bá mi bi wọ́n pé èló ni gbogbo rẹ̀, kí ẹ tẹ ìdáhùn wọn ní lẹ́tà tó tóbi tó tàkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín,
Atúnfóònùṣe kan ní Queen Cinema, Ìbàdàn