Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ṣí ilé fóòmù jẹnẹrétọ̀ yín wò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sójú ìwé yín kí ọyẹ́ tó wọlé. Òjò ti ń lọ, eruku ló ń bọ̀, mi ò sì mọ ohun tó ń tètè pa jẹnẹrétọ̀ kékeré tó eruku.

Fóòmù tó wà nínú ike dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀) ló ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Tó bá dí, èéfín dúdú á máa jáde, epo á sì máa tètè tán. Ohun tí àwọn akẹgbẹ́ mi kan ń ṣe (kí wọ́n má bínú sí mi) ni pé wọ́n á yọ fóòmù náà sọnù, wọ́n á ní ẹ̀rọ náà ti ń mí dáadáa. Òótọ́ ni, ohùn rẹ̀ á já gaara. Ṣùgbọ́n eruku tó ń wọlé á máa ha inú sílíńdà àti ríìnì, ìyẹn òrùka tó yí písítìnì ká. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rọ ti ń jó ọ́ìlì, agbára rẹ̀ ti dín kù, títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ló kù. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí ike yẹn kí ẹ fojú ara yín rí fóòmù.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ fi ọwọ́ tẹ omi ara rẹ̀ dà nù, ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ, kó má baà ya. Tó bá gbẹ tán, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní kán mọ́. Ọ́ìlì yẹn ló ń mú eruku. Wákàtí 50 ni a sábà ń fọ̀ ọ́ sí, àmọ́ lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì dípò rẹ̀ o.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wò ó. Tí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí ilẹ̀, kò séwu. Tó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Tí ọ́ìlì bá rin ín, ríìnì ni kí ẹ fura sí. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 0.7 sí 0.8 lọ.

Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA sábà máa ń gba ọ́ìlì tó tó lítà 0.6, wákàtí 100 sì ni ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń tàn án wákàtí márùn-ún lálaalẹ́ ti dé ibẹ̀ láàárín ogúnjọ́. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ dà á, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Tuntun ní tirẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́. Àwọn kékeré tí kò ní ilé ọ́ìlì, inú epo ni ọ́ìlì tiwọn ń wà: mìlílítà 20 sí lítà epo kan, ìyẹn 100 sí kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, kí ẹ sì mì í pọ̀.

Bí iná ìjọba bá ń dúró ládùúgbò yín, tí ẹ ò ní tan jẹnẹrétọ̀ fún oṣù kan, ẹ tan án, ẹ ti ibi tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀, kó lò títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹ wá tú bóòtù ìdí kábúrétọ̀ kí ìyókù ṣàn dànù. Epo tó bá sùn síbẹ̀ á di gọ́ọ̀mù, á dí jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá, ẹ ó wá máa fa okùn títí apá á fi ro yín.

Mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ kan,
Ìbàdàn.