Ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn la ti máa wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, a ó sì bọ́ sílẹ̀ ní ti Wọlé Ṣóyínká l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀yin ará àdúgbò Challenge, ẹ tètè jí: Mọ́níyà jìn, ọkọ̀ yẹn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun yìí; tàtijọ́ ti wọ Ìbàdàn láti 1901.

Ní Ìtòkú, ọwọ́ ara wa la ó fi ṣe àdìrẹ. Ẹlẹ́kọ lèmi fẹ́ràn jù: ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà, aró ò ní mú un. Aṣọ tó ti gbó ni kí ẹ wọ̀ o.

Bí a bá ń bọ̀, ọ̀rọ̀ fíìmù ọ̀daràn ló kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹni tó pààyàn fún ẹni tí kò tíì wò ó! (Ní tèmi, ọlọ́pàá tó ń fẹ̀sọ̀ wádìí dùn ún wò ju ìbọn yíyìn lọ.)

Kálukú ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Ẹ san owó aró fún akápò kó tó di Ọjọ́rú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́