Owó Ilé Kì í Ṣe Owó Oṣù Kejì

Bàrígà, Èkó.

Àkàndé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí n tó gbé kálàmù. Inú mi dùn pé àwọn ayálégbé méjèèjì tó wà nínú ilé rẹ ní Ìpájà ti san owó ọdún yìí pé láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti wí pé o fẹ́ kó gbogbo owó náà, kí o fi èyí tí o máa yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ kún un, kí o sì fi ra ilé àtijọ́ kan ní Ṣómólú kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dúró. N kò ní kí o má ra ilé kejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé àkọ́kọ́ kò tíì jẹun yó, o sì ti fẹ́ gba oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún èyí tí a kò tíì bí.

Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tí mo parí yàrá mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, mo máa ń ṣe iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ kejì, owó oṣù mi ni mo sì fi ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ni wọ́n máa ń dúró ti àwọn bíríkìlà. Lọ́dún tí àwọn ayálégbé kọ́kọ́ san owó, ó rí lójú mi bí ẹni pé wọ́n san owó oṣù méjì pọ̀ fún mi. Mo fi apá kan ra aṣọ ẹbí, mo fi ìyókù ra fíríìjì. Òjò oṣù kẹfà ọdún náà ká páànù lórí yàrá méjì, ní ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni kòtò ilé ìyàgbẹ́ kún. Kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀. Lọ́wọ́ olówó èlé ni mo ti yá èyí tí mo fi tún wọn ṣe, kí n sì tó san gbèsè náà tán, ayálégbé kan tí kò bá mi fa ọ̀rọ̀ rí ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí òjò ń pa nínú yàrá tó sanwó fún kì í dúró de onílé. Oṣù márùn-ún ni yàrá yẹn fi ṣófo.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé owó ilé kì í ṣe owó oṣù kejì. Owó oṣù, ìwọ àti aya rẹ lẹ ni ín. Owó ilé, ilé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ìpín nínú rẹ̀. Ká ní fúláàtì kan ń mú ₦1,200,000 wọlé lọ́dún. Lójú ẹni tó ń kánjú, ₦100,000 lóṣù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé bá kó jáde, tí o sì fi oṣù méjì wá ẹlòmíràn, ₦200,000 ti lọ kí a tó ka owó ọ̀dà, owó pọ́ńpù àti ti àwọn oníṣẹ́, kí a tó sì ka Land Use Charge, owó orí ilé àti ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́dọọdún. Èmi máa ń pín owó ọdún sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún àtúnṣe, ìdá kan fún ìgbà tí yàrá bá ṣófo àti fún owó ìjọba, ìdá kẹta nìkan ni mo ń pè ní tèmi. Ilé tìrẹ ṣì jẹ́ tuntun, o lè dín ìdá ti àtúnṣe kù, ṣùgbọ́n má ṣe sọ ọ́ di òfo. Ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ilé náà, kí àwọn ayálégbé máa san owó sínú rẹ̀ tààrà.

Ní ti owó alájẹṣẹ́kù, n kò bá ọ jiyàn, torí èlé wọn sábà máa ń fúyẹ́ ju ti báǹkì lọ. Ìbéèrè kan ni kí o bi ara rẹ: bí ayálégbé kankan kò bá san owó fún ọdún kan gbáko, ṣé owó oṣù rẹ nìkan lè san gbèsè náà, kí oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ má sì yẹ̀? Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ rárá, dín iye tí o fẹ́ yá kù, tàbí kí o dúró.

Ilé Ṣómólú yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. O ní Dáwódù tó jẹ́ olórí ẹbí náà ló ń tà á, pé òun nìkan ni yóò fọwọ́ sí ìwé. Àkàndé, ilé ogún kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí bàbá tó ni ilé bá ní ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú olórí ẹbí. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn yòókù lè pe ẹjọ́, kí ilé ẹjọ́ sì fagi lé e. Bí àwọn ọmọ bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, òfin kò ka ìyẹn sí títà rárá. Jẹ́ kí lọ́yà tìrẹ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aláúsá, kí sọ̀fíọ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Bí ilé náà bá ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà kí ó tó di tìrẹ tán, ìyẹn sì ní owó tirẹ̀. Ka gbogbo rẹ̀ mọ́ iye tí ilé máa ná ọ.

O tún wí pé wàá gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Orí ìpìlẹ̀ wo? Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ fún yàrá ojúkojú kò mọ nǹkan kan nípa pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Marina tí o ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí Ìta Fájì, níbi tí ilé tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ ti wó ní oṣù kẹta ọdún 2019, tí àwọn ọmọdé sì kú. Láìsí ẹnjiníà tó yẹ ìpìlẹ̀ wò, àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba, má ṣe gbé búlọ́ọ̀kù kan lé ilé yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. Owó oṣù yẹn ló kọ́ ilé Ìpájà, òun náà ni yóò kọ́ èyí tó kù, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bá ọ níbi tí o ti ń bá pọ́ńbà jà lórí fóònù láago mọ́kànlá òwúrọ̀. Wá kíatéká kan tó ń gbé nítòsí, san owó fún un, kí o sì fún un láṣẹ láti tún ohun kéékèèké ṣe dé iye kan láìpè ọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ó máa gba owó ilé. Fún ayálégbé ní rìsíìtì, má sì gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tuntun, torí ohun tí òfin ayálégbé ti ọdún 2011 sọ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò sanwó, ilé ẹjọ́ ni kí o gbà. Onílé tó bá yọ ilẹ̀kùn tàbí ṣí páànù lé ayálégbé jáde ti ṣẹ̀ sí òfin kan náà.

Má ṣe san owó àsansílẹ̀ kankan fún ẹni tó ń ta ilé náà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kó ẹ̀dà gbogbo ìwé tó fún ọ wá ní Sátidé, kí a jọ ka orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá sì rọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, kí a jọ lọ sí Ṣómólú nígbà tó bá dá, kí a wo bí omi ṣe ń dúró nínú àgbàlá yẹn.

Kí aya rẹ àti ọmọ mi kékeré.

Èmi ni,
Ìyá rẹ