Màmá ń Bèèrè Àwọ̀ Ìjì

Kétu, oṣù kọkànlá

Ọláìtán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ǹ bá dúró de ẹni tó ń lọ sí Faransé lọ́dọ̀ rẹ kí n fi lẹ́tà yìí rán an, ṣùgbọ́n ìjì kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ.

Láti òru ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí ẹ̀fúùfù ìjì Ciarán sáré dé kìlómítà 207 ní wákàtí kan ní Pointe du Raz létí òkun yín, tí iná kú ládùúgbò rẹ, tí a sì pè ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ láìgbọ́ ohùn rẹ, Màmá rẹ kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, tí Météo-France, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ Faransé, tún àwòrán ìkìlọ̀ aláwọ̀ mẹ́rin wọn gbé jáde, Màmá á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ àwọn àwọ̀ náà lórúkọ: gbọ̀ọ̀rọ̀ ni àkọ́kọ́, ìyeyè ni ìkejì, epo ni ìkẹta, ìkẹrin, tó pupa, tó sì léwu jù, wọn kì í dárúkọ rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti là á yé wọn. Mo ní afẹ́fẹ́ kan fúyẹ́ lórí òkun Atlantic, èyí tó wúwo yí i ká ń sáré wá dí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ayé tó ń yí kò jẹ́ kó wọlé tààrà, ló bá ń pòòyì. Pé ní ìgbà ìwọ́wé, omi òkun ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí òtútù ti ń bọ̀ láti àríwá, ibi tí méjèèjì bá sì ti pàdé ni ìkùukùu ti ń ga tí àrá fi ń sán. Wọ́n bi mí pé ṣé kì í ṣe ìhà Ìmẹ̀kọ ni ìjì ti ń wá ni. Mo ní tiwa ló ń ti ìlà oòrùn wá, ti Faransé ń ti ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ní, “Abájọ tí òyìnbó fi ń fọwọ́ òsì jẹun.”

Ohun tó ń ṣí páànù kò kúkú yàtọ̀: òjò inú ìkùukùu gíga a máa fa afẹ́fẹ́ tútù bọ́ sílẹ̀ gbì, á sì fọ́n ká. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé Màmá yí inú síta, àwọn ewúrẹ́ sá wọ abẹ́ àká, òórùn erùpẹ̀ gba gbogbo ilé, kí a tó ṣẹ́jú, páànù méjì ti kúrò lórí ilé ìdáná. Mo ti kàn án padà. Má fowó ránṣẹ́. Ìyàwó Àkànní bí ìbejì, àgbàdo òjò kejì sì yọmọ dáadáa.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lè rí ìjì ńlá orí òkun Atlantic lókèèrè ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, ṣùgbọ́n ibi tí àrá yóò ti sán gan-an kì í hàn sí wọn títí yóò fi kù díẹ̀, ni wọ́n ṣe ń kun odidi ẹkùn ní ọ̀dà kan náà. Lónìí, wọ́n ti kun Finistère, ẹkùn tìrẹ, ní epo fún ọ̀la, ẹ̀fúùfù àti àrá pọ̀.

Mo sọ fún Màmá pé ìyeyè ni. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì lọ láìdágbére. O mọ̀ pé èmi kò mọ irọ́ pa. Jọ̀wọ́, fi fóònù rẹ síná kó kún, má gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, kí o sì pè wọ́n lálẹ́ yìí kí wọ́n tó sùn. Ìwọ ni kí o fẹnu ara rẹ sọ àwọ̀ náà fún wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Sàláwù